Sípíkà gidi fún yàrá orin nílé: kí ni kí n rà, kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Tíṣà Àgbà Gbẹ̀dẹ̀

Òkun o, gbogbo ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo ti padà sí Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, mo sì ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún orin gbígbọ́. Ìyá àwọn ọmọ ti gbà pé òun ò ní kó àpò káṣú síbẹ̀, ẹ bá mi dúpẹ́. Yàrá náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ó fẹ̀ ní 12, ó ga ní 10. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri, táìsì ni ilẹ̀, POP ni òkè, fèrèsé gíláàsì tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà lápá kan.

Ámúpù (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) NAD 3020 ni mo ń lò, láti ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ ní Lọ́kọ́jà. Sípíkà tókunbọ̀ méjì tó ga dé ìbàdí mi ni mo so mọ́ ọn. Jùjú, àpàlà àti háíláìfù ni mo ń gbọ́ jù.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, ń hó bùùù, ó bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀, ẹnu ìyáàlù kò sì já geere. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ní òun fẹ́ fi 3,000 dọ́là ra tuntun fún mi, òun á gbé e bọ̀ nígbà ọdún Kérésì. Ẹnì kan ní kí n ra èyí tí wúfà rẹ̀, ojú sípíkà tó ń gbé bẹ́ẹ̀sì, tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí lẹ rí sí i?

Saundi Kábà

Bàbá wa, ẹ kú ilé tuntun o, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tèmi kò gùn: ẹ ra bọ́ọ̀sì (àpótí sípíkà ńlá) oníwúfà 15 íǹṣì méjì, irú èyí tí a fi ń ṣe òde. Owó yẹn á rà á, á tún ṣẹ́ kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ìlú Ìyàrà á gbọ́.

Ẹlẹ́mu Ìyàmoyè

Bàbá ní àwọn fẹ́ gbọ́ ìyáàlù, ìwọ ní kí Ìyàrà gbọ́. Ṣé Ìyàrà bẹ̀ ọ́ ni?

Àǹtí Físíìsì, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ọmọ yín ná kọ́bọ̀. Níbo ni sípíkà wà nínú yàrá yẹn, níbo lẹ sì ń jókòó sí?

Tíṣà Àgbà Gbẹ̀dẹ̀

Wọ́n wà ní kọ̀rọ̀ méjèèjì níwájú, mo tì wọ́n wọlé dáadáa kí àyè lè wà. Àga mi fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀yìn.

Àǹtí Físíìsì, Ẹ̀gbẹ̀

Ibẹ̀ gan-an ni bùùù yẹn ti ń wá. Bẹ́ẹ̀sì tó bá jáde ní kọ̀rọ̀, ògiri méjì àti ilẹ̀ ló ń tì í padà sínú yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń lé sí i. Paul Klipsch ará Amẹ́ríkà mọ èyí, ó sì fi ṣiṣẹ́: sípíkà Klipschorn tó gbé jáde ní 1946, kọ̀rọ̀ ni ó dìídì ṣe é fún, ògiri ilé ló ń parí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fún un. Sípíkà tí ẹni tó ṣe é kò ro kọ̀rọ̀ mọ́ ọn, ìyà ló ń jẹ níbẹ̀.

Èkejì ni yàrá fúnra rẹ̀. Ohùn ń rìn tó nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ògiri méjì tó dojú kọ ara wọn, ohùn kan máa ń wà tí ìgbì rẹ̀ bá àyè àárín wọn mu rẹ́gí, yàrá á sì máa gbé ohùn yẹn ga ju àwọn yòókù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ sọ gígùn yàrá di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi pín 343. Ẹsẹ̀ bàtà 14 jẹ́ mítà 4.27, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 40 Hz (ìgbì 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Okùn tó nípọn jù lára gìtá bẹ́ẹ̀sì, 41 Hz ló ń dún bí wọ́n bá ta á lófìfo. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí onígìtá jùjú yín bá kan okùn yẹn, ilé ń bá a pariwo. Ìbú yín ń gbé nǹkan bí 47 Hz, gíga yín ń gbé 56. Ó dára tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò papọ̀. Ẹni tí yàrá rẹ̀ jẹ́ 12 sí 12, ìlọ́po ariwo ló ní, nítorí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé ohùn kan ṣoṣo.

Ohùn 40 Hz yìí kì í pọ̀ bákan náà káàkiri yàrá. Lẹ́bàá ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn ló ti ń le jù, ní àárín gbùngbùn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹ sì lọ gbé àga fẹ̀yìn tì í! Ẹ fà á síwájú, kí orí yín jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹ má gbé e sí àárín géérégé o, ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀sì á ti ṣá.

Kí sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn wọn sí ògiri, ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ tàbí mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ wọn sí ògiri ẹ̀gbẹ́, nǹkan bíi méjì. Ẹ má jẹ́ kí ìjìnnà méjèèjì dọ́gba. Kí sípíkà kan sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ sí méje, kí orí yín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí ojú wọn díẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín. Bí ihò bá wà lẹ́yìn sípíkà, ẹ ká ìbọ̀sẹ̀ kan sínú rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìyàtọ̀, kò ná yín ní nǹkan kan.

Orin àpàlà ni kí ẹ fi dán an wò. Agídìgbo ni kí ẹ tẹ́tí sí fún bẹ́ẹ̀sì: ohùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde bákan náà, kí ọ̀kan má bú ju èkejì lọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà fún túwítà, ojú kékeré tó ń gbé ohùn tínrín: kí ẹ gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kan igbá, kó má kàn ṣe ṣàà bí òjò. Ìyáàlù sì wà fún àárín. Bí onílù bá ń fi ìlù pe oríkì tí ẹ mọ̀, kí ẹ gbọ́ ọ láìfojú inú kún un.

Oníṣẹ́ Rédíò, Mọ̀pà

Àǹtí ti sọ tiwọn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí aṣọ ojú sípíkà yẹn kí ẹ fi ìka kan òrùka rírọ̀ tó yí etí wúfà ká. Ṣé rọ́bà ni àbí fóòmù?

Tíṣà Àgbà Gbẹ̀dẹ̀

Fóòmù. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń jábọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Wúfà kan ti ya lójú kan pàápàá.

Oníṣẹ́ Rédíò, Mọ̀pà

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òrùka yẹn ló ń dá kóònù, ojú wúfà tó ń gbọ̀n, dúró láàárín, òun ló sì ń jẹ́ kí ó lọ kí ó bọ̀ létòlétò. Fóòmù kì í pẹ́ títí. Lẹ́yìn bí ọdún 10 sí 20, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa á jẹ ẹ́ tán, ìbáà jẹ́ pé sípíkà kò ṣiṣẹ́ rárá, tó kàn wà nínú páálí. Bí ó bá ti ya, kóònù á máa gbọ̀n bó ṣe wù ú, bẹ́ẹ̀sì á dọ̀tí. Rọ́bà ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa.

Ẹ má jù wọ́n nù! Òrùka tuntun wà lọ́jà, a máa ń họ ti àtijọ́ kúrò, a ó nu gọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ tónítóní, a ó sì lẹ tuntun. Iṣẹ́ sùúrù ni, nítorí bí kóònù bá fi díẹ̀ yẹ̀ kúrò láàárín, wáyà inú rẹ̀ á máa ha irin, ó sì bàjẹ́ nìyẹn. Bí mo bá ń lẹ̀ ẹ́, mo máa ń gbé e dúró pẹ̀lú pépà tẹ́ẹ́rẹ́ yíká wáyà náà títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ.

Fún ẹlòmíràn tó fẹ́ ra tókunbọ̀: ẹ mú míítà iná dání. Sípíkà tí wọ́n kọ 8 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà) sí, nǹkan bíi 5.5 sí 7 ni míítà á kà lára wúfà rẹ̀. 4 ohm á ka bíi 3 àti díẹ̀. Bí kò bá ka nǹkan kan, wáyà inú ti já. Ẹ mú bátìrì 1.5 V, ẹ fi kan ẹnu wáyà wúfà fẹ́ẹ́rẹ́, + bátìrì sí + wúfà, kí ẹ tètè mú un kúrò: kóònù gbọ́dọ̀ fò síta. Wúfà nìkan ni ẹ ṣe é fún, ẹ má fi bátìrì kan túwítà ní tààrà. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ kóònù wọlé bákan náà yíká. Bí ẹ bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ kí ọlọ́jà pé ó dàbọ̀. Bí sípíkà bá ti dàgbà gan-an, kapásítọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń bá wọn pín ohùn fún wúfà àti túwítà, náà lè ti gbẹ. Èyí kò wọ́n láti pààrọ̀.

Saundi Kábà

Ẹ ti fi mí ṣẹ̀sín tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi dárúkọ bọ́ọ̀sì òde. Ọdún 1978 ni NAD 3020 jáde, 20 wáàtì péré ni wọ́n kọ sí i lára fún sípíkà 8 ohm. Ámúpù tó dára ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní sensitivity nínú ìwé sípíkà kó tó di pé ẹ wo ẹwà rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ohùn ṣe máa ròkè tó ní mítà kan tí a bá fún un ní wáàtì kan, dB ni wọ́n fi ń kà á. Láàárín sípíkà 85 dB àti èyí tó jẹ́ 95 dB bíi bọ́ọ̀sì òde, 10 dB ló wà: kí ti àkọ́kọ́ tó bá èkejì dọ́gba, agbára ìlọ́po 10 ló máa gbà lọ́wọ́ ámúpù. Ẹni tó sì pààrọ̀ ámúpù 20 wáàtì sí 40, 3 dB péré ló rí gbà, ìyàtọ̀ díẹ̀ ni etí rẹ̀ á gbọ́.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú. Túwítà tó ń jó, ámúpù kékeré náà lè pa á, kì í ṣe ámúpù ńlá nìkan. Bí ẹ bá fún ámúpù lọ́rùn kọjá agbára rẹ̀, ńṣe ló ń gé orí ìgbì ohùn pẹrẹsẹ, gígé yẹn a sì bí ọ̀pọ̀ ohùn tínrín tí kò sí nínú orin, gbogbo rẹ̀ á lọ já lé túwítà lórí. Bí orin bá ti ń há, ẹ yí i wálẹ̀ kíá.

Àǹtí Físíìsì, Ẹ̀gbẹ̀

Saundi, èyí lọ́gbọ́n nínú, o ṣeun. Kí Bàbá má kàn bẹ̀rù 85 dB jù ni. 20 wáàtì lórí 85 dB lè dé 98 dB ní mítà kan lórí sípíkà kan ṣoṣo, méjì ló sì ń ké. Fún ẹni tó jókòó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí méje nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, ó tó, bí wọn kò bá fẹ́ sọ ọ́ di ìyàwó-gbígbé. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìwé sípíkà 4 ohm. Fólítì 2.83 ni wọ́n máa ń fi wọ̀n ọ́n: lórí 8 ohm wáàtì kan nìyẹn, lórí 4 ohm ó di wáàtì méjì. 3 dB tí wọ́n fi ń yangàn, ámúpù yín ló ń san án.

Bọ̀dá Tòróńtò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọ Ìjùmú ni èmi náà, ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí. Bàbá, ẹ bi ọmọ yín bóyá dọ́là Kánádà ni àbí ti Amẹ́ríkà, nítorí 3,000 méjèèjì jìnnà síra.

Kí ó tó ra ohunkóhun, kí ó wo iná rẹ̀. 120 V ni iná ilé wa níhìn-ín, 230 V ni ti Nàìjíríà. Sípíkà tó gbé ámúpù tirẹ̀ sínú, tó ń wọ iná fúnra rẹ̀, bí wọn kò bá kọ 100–240 V sí i lẹ́yìn, tí kò sì ní ibi tí a ti ń yí i, èéfín ni ẹ ó fi kí i káàbọ̀ ní Gbẹ̀dẹ̀. Sípíkà lásán tó ń lo wáyà láti inú ámúpù, irú èyí tí ẹ ní, kò ní wàhálà yìí rárá. Nítorí pé NAD yín ṣì ń ṣiṣẹ́, irú ìyẹn ni kí ó wá.

Méjì ni mo fẹ́ kí ẹ rò wò. Èkíní ni KEF LS50 Meta, tó jáde ní 2020. Ilé iṣẹ́ KEF ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ló ṣe LS50 àkọ́kọ́ ní 2012 láti fi ṣe ọdún àádọ́ta wọn. Túwítà rẹ̀ wà ní àárín kóònù wúfà gan-an, nítorí náà ojú kan ni gbogbo ohùn ti ń jáde. Bí ohùn ènìyàn àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ṣe ń já geere lórí rẹ̀, èmi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ nínú àpótí tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀: 85 dB ni, bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kò sì lọ jìnnà sísàlẹ̀. Àǹfààní ọ̀nà rẹ̀ ni pé 7.8 kìlò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì wọ inú ẹrù bàálù 23 kìlò kan, ọmọ yín á ṣì rí àyè kó bàtà sí i.

Èkejì ni Klipsch Heresy, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1957. Èyí á mú inú Saundi dùn: 99 dB ni ti ẹ̀dà kẹrin, NAD yín á gbé e bí ẹni ń ṣeré. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí, kò bèèrè ìdúró (òpó tí a ń gbé sípíkà lé). Ó ń ké bí ẹni pé akọrin wà nínú ilé, ṣùgbọ́n bí yàrá bá pọ̀ ní táìsì àti gíláàsì, ó lè máa gún etí. Ọ̀kan ṣoṣo ń lọ bí 20 kìlò, nítorí náà ọkọ̀ ojú omi ló kàn, kí ẹ sì múra fún ti aṣọ́bodè.

Kí ọmọ yín gbé orin tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó má jẹ́ kí wọ́n fi ti wọn tàn án. Bí ó bá ń fi méjì wé ara, kí ó rí i pé ohùn wọn dọ́gba ní kíké, nítorí èyí tó bá fi díẹ̀ ké ju èkejì lọ ló máa ń dùn mọ́ni. Bí ó bá lè di ojú, kí ó di í. Floyd Toole, onímọ̀ ohùn tó ṣiṣẹ́ rí ní Kánádà níbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìdánwò tí àwọn olùgbọ́ kò ti rí sípíkà tó ń ké. Èyí tí ohùn rẹ̀ tẹ́jú, tí kò gbé ohùn kan ga ju òmíràn lọ, tó sì ń tàn ká yàrá létòlétò, ni ọ̀pọ̀ wọn ń yàn. Bí wọ́n bá ti rí i lójú, ìtóbi àpótí àti orúkọ ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbọ́ ọ.

Ahunṣọ Ògìdì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ táìsì àti gíláàsì, ṣé bí a bá ta aṣọ òfì mọ́ ògiri, kò ní gbé ariwo yẹn mì? Mo ní èyí tó wúwo dáadáa.

Ẹlẹ́mu Ìyàmoyè

Kó ṣáà má jẹ́ aṣọ pupa Búnú tí a fi ń sin àgbà, kí àlejò má wá máa bá Bàbá kẹ́dùn.

Àǹtí Físíìsì, Ẹ̀gbẹ̀

Àǹtí mi, aṣọ yín á ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ló máa ṣe. Ìgbì ohùn 100 Hz gùn tó mítà 3.4. Aṣọ tí kò tó íǹṣì kan kò lè dá a dúró, ohùn tínrín nìkan ló máa gbé mì. Bí a bá wá fi aṣọ bo gbogbo ògiri, a ó pa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kú, bùùù á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yàrá tí wọ́n ń fi kápẹ́ẹ̀tì bò láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń rí.

Ohun tí mo fẹ́ ni nǹkan tó nípọn ní ibi díẹ̀ tó tọ́. Ẹ jókòó sórí àga yín, kí ọmọdé kan máa gbé dígí rìn lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí, ibẹ̀ ni ohùn ti ń ta padà sí yín létí. Ẹ gbé fóòmù ibùsùn onííǹṣì mẹ́rin síbẹ̀, kí ó fi íǹṣì mẹ́rin mìíràn jìnnà sí ògiri, nítorí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ń mú kí ó dé ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí fóòmù náà: bí atẹ́gùn bá gbà á kọjá, ó wúlò, bí kò bá gbà á kọjá, fún orí sísùn ni. Aṣọ òfì Ògìdì ni kí ẹ wá fi bò ó, ẹwà rẹ̀ á yọ. Fóòmù ń tètè gbaná o, kí àbẹ́là àti wáyà tó ń gbóná jìnnà sí i.

Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí orí táìsì láàárín sípíkà àti àga. Kátìnì tó wúwo, tó sì wé dáadáa, sí ojú gíláàsì. Bí ẹ bá ní àwo orin, ẹ gbé pẹpẹ wọn sí ògiri ẹ̀yìn: etí wọn tí kò dọ́gba á máa tú ohùn ká dípò kó ta á padà lódindi. Ó parí.

Ẹlẹ́mu Ìyàmoyè

Òjò ńkọ́? Páànù ló wà lórí POP.

Àǹtí Físíìsì, Ẹ̀gbẹ̀

Òjò borí gbogbo wa. Òwú gíláàsì tí wọ́n ń tẹ́ sí àárín páànù àti POP ń dín in kù, ó ń dín ooru kù pẹ̀lú. Bí òjò ńlá bá dé, ẹ pa á kí ẹ jẹ iyán.

Sólà Ìṣánlú

Ẹ ò tíì fẹnu ba iná. Ìnfátà tí ẹ bá máa so NAD mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ pure sine wave, èyí tí ìgbì iná rẹ̀ ń lọ geere. Olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ ń jáde ní ìgún-ìgún á mú kí irin inú ámúpù máa kùn hùùù, ẹ ó sì máa rò pé sípíkà ló bàjẹ́. Ámúpù yẹn kò jẹ iná púpọ̀, ìnfátà kékeré tó dára á gbé e. Bí iná ìjọba lẹ bá fẹ́ lò, ẹ fi sitabiláísà sí i, nítorí fólítì tó ń lọ sókè sódò lálẹ́ kò mọ àgbàlagbà ámúpù.

Bí ó bá ń kùn ní ìgbà tí ẹ so díkódà tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn nìkan, ẹ gbìyànjú kí gbogbo wọn wọ iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹ bo ámúpù pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà ọyẹ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, kí ẹ ṣí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ kó lè mí. Ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó á wọ ihò ẹ̀yìn ámúpù, á fi ìrù so iná méjì pọ̀, òun á kú, ámúpù á bá a lọ.

Káfíńtà Yàgbà

LS50 yẹn fẹ́ ìdúró, ẹ má gbé e sórí tábìlì. Ẹ jókòó, kí ẹ wọ̀n etí yín láti ilẹ̀: ibẹ̀ ni kí àárín kóònù rẹ̀ wà. Àga tó ga bí ti ọ̀pọ̀ pálọ̀ wa, ìdúró íǹṣì 24 máa ń bá a mu. Irin oníhò ni kí wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀, kí ẹ rọ iyanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀, iyanrìn tí ẹ ti sá sóòrùn dáadáa kí ó má bàa jẹ irin láti inú. Ó á wúwo, kò ní máa gbọ̀n, ọmọ-ọmọ kò sì ní sáré kọlù ú kó ṣubú. Rọ́bà sí abẹ́ rẹ̀ nítorí táìsì.

Mo rí i tí àwọn kan fẹ́ kí a fi ìrókò ṣe àpótí tuntun fún wúfà àtijọ́ wọn. Mo máa ń kọ̀ ọ́. Pákó gidi ń wú nígbà òjò, ó ń súnkì nígbà ọyẹ́, oríkèé rẹ̀ á là, atẹ́gùn á máa jáde níbẹ̀. MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) tó nípọn ló dára jù fún àpótí, kí ó ṣáà má fara kan ilẹ̀ tí ikán ti lè gun un. Ìrókò, ẹ fi ṣe pẹpẹ àwo.

Bọ̀dá Tòróńtò

Ọ̀rọ̀ wáyà kó tó di ìjà: wáyà kọ́pà 2.5 mm² tí oníná ń lò nílé tó fún ibi tí kò ju mítà mẹ́wàá lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta wáyà olówó iyebíye fún ọmọ yín. Kí ó fi owó yẹn ra máìkì ìwọ̀n ohùn, irú bíi miniDSP UMIK-1; ọ̀fẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà REW tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ ó fojú rí bùùù yẹn lórí kọ̀ǹpútà bó ṣe rí gan-an.

Tíṣà Àgbà Gbẹ̀dẹ̀

Mo kí gbogbo yín, ẹ ṣé, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ti gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, mo fa àga síwájú, mo ká ìbọ̀sẹ̀ sínú ihò. Bùùù ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àwọn ọmọ fi béèrè bóyá mo ti ra tuntun. Mo gbọ́ ìyáàlù báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wúfà tó ya yẹn ṣì ń kùn lápá òsì.

Mo ti bá ọmọ sọ̀rọ̀. Dọ́là Kánádà ni. Ó ní LS50 ni òun á gbé bọ̀, nítorí kò wúwo, òun á sì gbé máìkì yẹn dání. Owó tó bá kù, mo ní kó má tíì ra wúfà aládàáni (subwoofer) títí a ó fi wọ̀n yàrá náà. Káfíńtà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìdúró irin yẹn ní kọ̀rọ̀. Saundi, mo fi àwọn sípíkà àtijọ́ yìí sílẹ̀ fún pálọ̀ bí a bá tún wọn ṣe tán, wá gbọ́ wọn nígbà tí o bá ń kọjá. Ara Mọ̀pà, ṣé kí n tú wúfà méjèèjì wá, àbí èyí tó ya nìkan?

Oníṣẹ́ Rédíò, Mọ̀pà

Méjèèjì, ẹ̀gbọ́n. Bí a bá pààrọ̀ ọ̀kan, wọn kò ní bára wọn mu mọ́. Kí ẹ tó tú wọn, ẹ kọ èyí tó jẹ́ + àti − wáyà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ wọ̀n fífẹ̀ kóònù láti etí kan dé èkejì, kí ẹ tún wọ̀n ti irin tó yí i ká, kí ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Òrùka tí kò bá bá a mu dé orí mìlímítà kò ní lẹ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ ra èyí tó tọ́ kí ẹ tó wá.